Ogun Kírìjì: Ìpìlẹ̀ Rẹ̀ àti Àwọn tí Ó Ru Ẹrù Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń fara gbá a. Bí a bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ṣe rẹ́gí jù lọ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, inú Ogun Kírìjì ni a óò ti rí i. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ti tó ẹni tí ó lè gbé ìbọn kí ó tó parí.

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ogun yìí, orúkọ akọni ni yóò kọ́kọ́ dá: Látòósà Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà. Èyí kò burú, nítorí pé akọni ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bá dúró lọ́dọ̀ akọni nìkan kò tí ì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí ó ṣe kókó. Kí ni ó fa ogun náà? Kí ni kò jẹ́ kí ó tètè parí? Ta ni ó ru ẹrù rẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní wà nílé, láàrin àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn. Ìdáhùn sí ìkejì wà lókè òkun, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rọ ìbọn. Ìdáhùn sí ìkẹta wà ní oko, ní ọjà, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí orúkọ wọn kì í sáábà hàn nínú ìwé ìtàn.

Orúkọ ogun náà pàápàá ń tọ́ka sí ìbọn. Ààrin àwọn òkè àti àpáta tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì pa bùdó sí. Nígbà tí ìbọn bá dún, àwọn òkè náà a gba ìró rẹ̀, wọn a sì dá a padà. Ìró yìí ni etí àwọn ènìyàn gbọ́ bí “kí-rì-jì”, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ogun lórúkọ.

Ilẹ̀ Yorùbá Kí Ogun Tó Bẹ́ Sílẹ̀

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836, òrùlé tí ó bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ṣí kúrò lórí wọn. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ pápá òkè ya wọ ìsàlẹ̀. Wọ́n kún Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kún Èjìgbò, wọ́n kún Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo. Àwọn mìíràn já sí Ìbàdàn, ìlú tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829, tí wọn kò sì fi ìdílé ọba jẹ oyè níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ogun púpọ̀, tí apá rẹ̀ sì ká ogun, ni oyè tọ́ sí.

Ìbàdàn ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Ní 1840, wọ́n dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, wọn kò sì jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó. Gbogbo ìlú tí ó wà ní etí Odò Ọ̀ṣun ni ó jẹ nínú àǹfààní ìṣẹ́gun yìí. Ẹdẹ jẹ́ ìlú tí Ọ̀yọ́ ti tẹ̀ dó láti ìgbà láéláé gẹ́gẹ́ bí ìlú ààbò, tí Tìmì ń ṣe olórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, abẹ́ apata Ìbàdàn ni òun náà wà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ìlú kéékèèké tí ó wà ní àgbègbè rẹ̀, irú bí Awo tí ó wà lójú ọ̀nà láti Ẹdẹ sí Èjìgbò. Ṣùgbọ́n apata yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìlú tí ó bá sá sí abẹ́ rẹ̀ ni yóò máa fún un ní oúnjẹ àti ọmọ ogun nígbà tí ó bá bèèrè.

Láti ìgbà náà ni ogun ti di iṣẹ́. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, ó sì kó Iléṣà ní 1870. Ohun tí olóyè ogun ń wá kì í ṣe ilẹ̀ bí kò ṣe ènìyàn. Ìgbà yẹn, ọjà ẹrú òkè òkun ti ń kú lọ nítorí ìṣọ́ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ òkun, Gẹ̀ẹ́sì sì ti gba Èkó ní 1861. Àwọn kan lérò pé bí ọjà ẹrú bá ti kú lókè òkun, ogun yóò rọlẹ̀ nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò òkèèrè tí wọn kò ra ènìyàn mọ́ ń ra epo pupa àti ekùrọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á lọ́pọ̀ nílò ẹni tí yóò kọ ẹyìn, tí yóò fún epo, tí yóò sì rù ú dé etí ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú tí wọn kò rí tà mọ́ fún aláwọ̀ funfun di alágbàṣe tí kì í gba owó ní oko àwọn olóyè.

Ohun tí Ó Fa Ogun Náà

Ohun méjì gbòógì ni ó fa Ogun Kírìjì. Èkíní ni ìjẹgàba àwọn àjẹ́lẹ̀. Èkejì ni ìjà lórí ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun.

Àjẹ́lẹ̀ ni ẹni tí Ìbàdàn ń fi sí ìlú tí ó bá ti ṣẹ́gun, kí ó máa ṣojú rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Nínú àwọn àjẹ́lẹ̀, a rí àwọn tí ó mọ ìwà hù. A sì rí àwọn tí ó sọ ara wọn di ọba lórí ọba. Ewúrẹ́ tí ó bá wù wọ́n ní ìta, tiwọn ni. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn a máa wọ oko olóko, wọn a sì máa fi ọwọ́ kan ìyàwó onílé. Lójú ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe owó orí nìkan ni ó dùn wọ́n bí kò ṣe ẹ̀tẹ́ tí ó bá a rìn.

Ní ti ọ̀nà, Ìbàdàn kò ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí òkun. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó gbọ́dọ̀ là kọjá kí iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ètù tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì mọ iyì ipò tí Ọlọ́run fi wọ́n sí. Alágbàtà ni wọ́n láàrin etí òkun àti ìlú òkè, èrè ibẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìbàdàn tí ó ti fọ́ Ìjàyè lè yí ojú sí àwọn náà bí ìbọn bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Nínú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Látòósà tí ó di Ààrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870 ń wá ọlá tí yóò ta ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ yọ. Kò fẹ́ ẹni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu nílé. Wọ́n pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní 1874. Ní 1877, Ìyápọ̀ ọmọ Balógun Ìbíkúnlé náà kú, àwọn olóyè ni wọ́n fi dandan lé e pé kí ó pa ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó lè sọ̀rọ̀ kò sí mọ́, ohùn Ààrẹ nìkan ni ó kù.

Ní 1877 kan náà, Ìbàdàn rán àwọn oníṣòwò lọ sí Pọ́tònóvò láti ra ìbọn àti ètù. Àwọn Ẹ̀gbá kọ lù wọ́n lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì gba ẹrù wọn. Ní oṣù Keje ọdún náà, Látòósà gbé ogun ti Ẹ̀gbá. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà tirẹ̀, Ìjẹ̀bú náà sì ti tirẹ̀. Ọwọ́ Ìbàdàn kún.

Àwọn ìlú òkè rí i pé àkókò tó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí fi ọwọ́ kan ìyàwó Fábùnmi nígbà ọdún ìbílẹ̀, Fábùnmi sì gé orí rẹ̀. Ọdún 1878 ni èyí ṣẹlẹ̀. Iná ràn láti ìlú kan dé èkejì, wọ́n ń pa àwọn àjẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń lé wọn. Àwọn ìlú tí ó ti ń dá jà tẹ́lẹ̀, tí Ìbàdàn sì ń mú lọ́kọ̀ọ̀kan, wá rántí pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó so ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ìlọrin náà gbè sẹ́yìn wọn, nítorí kò tí ì gbàgbé Òṣogbo.

Jálumi

Ìjà ńlá àkọ́kọ́ wáyé ní Ìkìrun ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 1878. Ìlọrin, Ìlá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dojú kọ ìlú náà. Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, Balógun Ìbàdàn, kó ogun wá gbà á sílẹ̀. Ibùdó àwọn ọ̀tá kò sí lójú kan, Balógun sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n túká, wọ́n sá dé etí Odò Ọtìn, omi sì kún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn já sínú omi, wọ́n sì bá a lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pe ìjà náà ní Jálumi.

Bí ó bá jẹ́ ogun àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sí Odò Ọtìn. Ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun ì bá túúbá, wọn ì bá gba àjẹ́lẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Èkìtìparapọ̀ kò túúbá. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Ògèdèǹgbé gba ìdarí ogun wọn, àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì sì wá kojú ara wọn ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ń pè ní Kírìjì.

Epo Pupa Lọ, Ìbọn Dé

Láti mọ ohun tí kò jẹ́ kí ogun náà parí, ó yẹ kí a wo òkè òkun díẹ̀. Sànmánì ẹ̀rọ ti dé sí Yúróòpù. Ọkọ̀ ojú irin ń sáré, ẹ̀rọ ìhunṣọ ń yí, gbogbo àgbá wọn ni ó sì nílò ọ̀rá tí yóò máa mú wọn yọ̀. Epo pupa wúlò fún èyí, ó wúlò fún ọṣẹ àti fún àbẹ́là. Ekùrọ́ ní tirẹ̀ ń lọ sí Jámánì lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn oníṣòwò Hamburg bí ilé-iṣẹ́ G. L. Gaiser sì ti fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ọkọ̀ tí ó wá kó epo kì í wá ní òfìfo. Ìbọn, ètù, ọtí, aṣọ àti iyọ̀ ni ó ń kó bọ̀.

Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yorùbá ti ń lò ni ṣakabùlà. Ẹnu ni a ti ń kì í. A ó da ètù sí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó fi ọta sí i, kí a tó yìn ín. Ẹni tí ó ń ṣe gbogbo èyí ti nà ró gedegbe fún ọ̀tá. Bí òjò bá rọ̀, ètù a tutù. Ìdí nìyí tí ìjà ìgbà náà fi ń ní ìdádúró, tí àwọn ènìyàn sì fi ń ráyè sá.

Ní 1866, Prussia, ìjọba tí ó wá ṣe olórí gbogbo Jámánì lẹ́yìn náà, ṣẹ́gun Austria. Ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́. Gbogbo Yúróòpù la ojú sí i. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Snider fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìbọn Enfield àtijọ́ ni wọ́n tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, tí a fi lè máa ti ibẹ̀ ki ọta tí ètù ti wà nínú rẹ̀. Ọmọ ogun tí ó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀yìn àpáta ṣe é. Ní 1871 ni Gẹ̀ẹ́sì tún gba ìbọn mìíràn, Martini-Henry. Báyìí ni Snider di ògbólógbòó lọ́wọ́ wọn, ó sì di ohun tí a lè rà ní ọjà.

Àwọn tí ó mú irú ìbọn ìgbàlódé yìí dé Kírìjì ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tàbí Àgùdà tí ó ra ara rẹ̀ padà ní Brazil, tàbí ọmọ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ogun ni ó tà wọ́n kúrò nílé, wọn kò sì gbàgbé ilé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. J. P. Haastrup àti Philip José Meffre wà nínú àwọn tí a mọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, alákòóso Èkó, ṣí ní 1872 láti yẹra fún ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ni ẹrù wọn ń gbà kọjá dé Iléṣà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880, ìbọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ojú ogun. Ìbàdàn tí ó gbójú lé pípọ̀ tí ọmọ ogun rẹ̀ pọ̀ rí i pé pípọ̀ náà kò ran òun lọ́wọ́ mọ́. Bí ó bá tú jáde láti kọ lu bùdó ọ̀tá, ọta ti bá a ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí Ìjẹ̀bú dẹ ọ̀nà díẹ̀ fún Ìbàdàn, òun náà rí díẹ̀ nínú ìbọn tuntun rà. Àbájáde rẹ̀ ni pé Ìbàdàn kò lè wọ bùdó Èkìtìparapọ̀, Èkìtìparapọ̀ náà kò sì lè lé Ìbàdàn lọ. Níbi tí a rò pé ìbọn tí ó yára yóò ti mú ogun yára parí, ńṣe ni ó sọ ọ́ di ìjókòó. Wọ́n jókòó ti ara wọn fún ọdún bíi mẹ́fà.

Àwọn tí Ó Ru Ẹrù Ogun

Kò sí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó kú ní Kírìjì sí. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó rọ ìbọn wọ̀nyí ń ka òkú tiwọn. Wọ́n ń kọ orúkọ wọn sára òkúta. Àwọn òkú Kírìjì kò ní òkúta kankan. Síbẹ̀, a lè mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ láti inú ọ̀nà tí wọ́n gbà ja ogun náà.

Àwọn ẹrú ni ó ṣáájú. Ọmọ ogun olóyè Ìbàdàn kan kì í ṣe kìkì ọmọ bíbí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n dàgbà sí agboolé olóyè, tí wọ́n sì fi ìbọn lé lọ́wọ́. Irú wọn dé Kírìjì, wọ́n sì bá ara wọn níwájú àwọn tí ó ń sọ èdè ìyá wọn. Àwọn kan sá lọ bá àwọn ará ilé wọn. Àwọn kan dúró, wọ́n sì yìnbọn. Ìtàn akọni kì í sọ nípa ìpinnu tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìgbàlà nínú èyíkéyìí tí ó bá mú.

Àwọn obìnrin ni ó tẹ̀ lé wọn. Bùdó Kírìjì di ìlú. Wọ́n fi amọ̀ kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ná ọjà, wọ́n dá oko, wọ́n sì bí ọmọ. Ẹni tí ó ń gún iyán, tí ó ń pọn omi, tí ó ń ru àgbá ètù gun òkè, obìnrin ni, tàbí ọmọdé. Àwọn obìnrin olówó ni ó ń ta ohun ìjà ní àwìn fún àwọn olóyè, olóyè tí ogun kò bá gbè kì í sì í san án. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ Ẹfúnṣetán nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, níbi tí ìkà rẹ̀ sí àwọn ẹrú ti gba iwájú. Ó yẹ kí wọ́n mọ ìhà kejì pẹ̀lú. Obìnrin náà yá àwọn jagunjagun ní ètù títí ó fi rí i pé gbèsè ni ó ń kó jọ. Nígbà tí ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ogun Látòósà, ó di ọ̀tá. Ikú rẹ̀ ní 1874 ṣáájú Kírìjì ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí wọ́n ti ń ṣe ẹni tí ó bá ní owó ogun ti tó.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìlú ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìkìrun àti Ìgbájọ yóò gba Ìwó, yóò gba Ẹdẹ, yóò gba Òṣogbo. Iṣu tí wọ́n jẹ ní bùdó kò hù ní orí àpáta Kírìjì nìkan. Àwọn ìlú abẹ́ Ìbàdàn ni a retí pé kí wọ́n máa pèsè. Ìlú ńlá bí Ẹdẹ ní Tìmì àti àwọn ìjòyè tí ó lè bá Ìbàdàn sọ ọ́. Ìlú kékeré bí Awo kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí àgbẹ̀ kò pọ̀ sí, bí a bá mú ọkùnrin mẹ́wàá lọ sí ogun, ebè tí wọn ì bá kọ di igbó. Bí wọn kò bá padà, ilé mẹ́wàá ni ó di ahoro. A kì í rí irú òfò báyìí nínú ìròyìn ìjà, nítorí pé kò sí ìbọn tí ó dún níbẹ̀.

Àwọn ìlú mìíràn sì wà tí ogun gbà lọ pátápátá. Ní 1882, Ifẹ̀ gbè sẹ́yìn Èkìtìparapọ̀, Mọ́dákẹ́kẹ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì gbè sẹ́yìn Ìbàdàn. Wọ́n kó Ifẹ̀, àwọn ará ìlú sá, wọn kò sì padà sílé títí di 1894. Ọ̀fà tí Ìlọrin dó tì fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ó bá Ìbàdàn ṣe ṣubú ní 1887. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, Ìbàdàn ń bá Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìlọrin, Èkìtìparapọ̀ àti Ifẹ̀ jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbogbo ojú ogun márààrún, Yorùbá ni ó ń pa Yorùbá.

Bí Ogun Náà Ṣe Parí

Ogun sú gbogbo wọn kí ó tó parí. Aláàfin Adéyẹmí bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, ó sì ránṣẹ́ sí Gómìnà ní Èkó. Látòósà kú sí bùdó Kírìjì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1885, láì rí ìparí ogun tí ó dá sílẹ̀. Àwọn àlùfáà ọmọ Yorùbá méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń ti bùdó kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlàjà. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1886, àwọn aṣojú ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó. Ìlú Èkìtìparapọ̀ gba òmìnira wọn, Ìgbájọ, Ọ̀tan àti ìlú méjì mìíràn sì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Wọ́n pinnu pẹ̀lú pé Mọ́dákẹ́kẹ́ yóò ṣí kúrò níbi tí ó wà. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, wọ́n kéde àlàáfíà ní ojú ogun, wọ́n sì dáná sun bùdó méjèèjì. Ilé tí a bí àwọn ọmọ kan sí jó níṣojú wọn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán. Ìlọrin kò kúrò ní Ọ̀fà, Ìbàdàn náà kò kúrò ní Ìkìrun. Ọdún méje kọjá bẹ́ẹ̀. Láàrin ìgbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun tí ó ti pàdé ní Berlin ní 1884 sí 1885 ti ń pín Áfíríkà láàrin ara wọn. Ní 1890, wọ́n ṣe òfin ní Brussels pé a kò gbọdọ̀ máa ta ìbọn ìgbàlódé fún àwọn ará ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Èrè ti wọlé, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ni wọ́n wá ń tì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, wọ́n sì lo Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta, níbẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Gómìnà Carter rìnrìn àjò wọ òkè ní 1893, Aláàfin tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù Kejì, Ìlọrin àti Ìbàdàn tú bùdó wọn ká, Ìbàdàn náà sì tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù Kẹjọ. Ní ọdún náà ni Captain Bower di Ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ ro orúkọ oyè yìí. Àjẹ́lẹ̀ ni ó fa ogun, ogun náà sì parí pẹ̀lú àjẹ́lẹ̀ mìíràn, tí ó ti òkè òkun wá, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ sì jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 1894, Bower mú Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀, ó sì fi í ṣọwọ́ sí Ìwó. Ní 1895, ó yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin tí ó bẹ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe onílàjà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ wọ̀nyí, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mú dání. Èkíní ni pé àwọn ọmọ Yorùbá ni ó dá ogun náà sílẹ̀ fúnra wọn, nítorí ìjẹgàba àti nítorí ọ̀nà. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé òyìnbó lórí. Ìdí tí Èkìtìparapọ̀ fi jà sì jẹ́ ìdí gidi. Ẹni tí wọ́n bá fi àbùkù kàn nínú ilé rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má jà. Èkejì ni pé ọjà epo àti ìbọn sànmánì ẹ̀rọ ni ó fa ogun náà gùn. Láìsí ẹni tí ń tà á, ètù ì bá ti tán. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn tí ó jẹ orúkọ nínú ogun kọ́ ni ó ru ẹrù rẹ̀.

Ẹrù náà kò sì tí ì tán lórí gbogbo ènìyàn. Ìpinnu tí wọ́n ṣe nípa Mọ́dákẹ́kẹ́ ní 1886 ni ó wá sí ìmúṣẹ ní 1909, nígbà tí wọ́n tú ìlú náà ká. Ní 1922 ni àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ ní 1981, ní 1983, àti láti 1997 dé 2000. Ìjà wọ̀nyí ní ìdí tiwọn, ní ti ìṣákọ́lẹ̀ àti ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n egbò tí wọ́n ń tẹ̀ ti wà láti ìgbà Kírìjì. Àwọn tí ilé wọn jó ní 1997 kò mọ Látòósà, wọn kò sì mọ Ògèdèǹgbé.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun yìí, kí a jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ àwọn akọni, kí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ìjà kọ̀ọ̀kan wáyé. Lẹ́yìn èyí, kí a bi wọ́n léèrè ta ni ó gbin iṣu tí àwọn akọni náà jẹ, ta ni ó ru ètù tí wọ́n yìn, àti ta ni ó gba owó ìbọn. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ Ogun Kírìjì.